Sátánì Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Lé Òun

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Doña Eduviges ti ń darí eré Kérésìmesì ní ìjọ wọn lẹ́bàá Delano, ìlú olóko àjàrà, kò sì sí ọdún kan tí kò búra pé ti ọdún náà ni àṣemọ òun. Obìnrin kúkúrú ni, tí wọ́n ń fi Doña bọ̀wọ̀ fún bí àgbà, tó já èso àjàrà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò tẹ̀ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín ipa fún àwọn ọmọdé, kó sì bá àwọn ìyá wọn jà lórí ẹ̀. Gbogbo ìyá ló fẹ́ kí ọmọ òun ṣe Màríà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ Sátánì, bẹ́ẹ̀ láìsí Sátánì kò séré: òun ló máa ń dènà de àwọn olùṣọ́-àgùntàn lójú ọ̀nà Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, títí Máíkẹ́lì olórí áńgẹ́lì yóò fi yọ idà pákó sí i, tí yóò ní, "Jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí, má sì padà wá mọ́." Sátánì á ṣubú, wọ́n á wọ́ ọ jáde, ìjọ á pàtẹ́wọ́.

Àfi ọdún tí Maricruz ṣe é.

Ọmọ ọdún méje ni Maricruz nígbà náà. Ọdún yẹn ni àwọn imigréṣọ̀n, àwọn tó ń lé àlejò tí kò níwèé, ya wọ ilé tí wọ́n ti ń di àjàrà sínú páálí, tí wọ́n kó èèyàn mọ́kànlá lọ. Rosaura, ìyá Maricruz, kò níwèé ìgbélùú, ọmọ náà kò sì ní. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Maricruz nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e wá láti Michoacán, lódìkejì ẹnubodè. Ẹ̀rù ba Rosaura débi pé ó yọ ọmọ kúrò níléèwé odidi ọdún kan. Ó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lára àpótí lẹ́tà, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má kọ orúkọ ọmọ òun sórí ohunkóhun. Ilé Doña Eduviges ni ọmọ ń wà lójoojúmọ́, tó ń bá a ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí Kérésìmesì kù fẹ́ẹ́fẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun fẹ́ ṣeré. Rosaura gbà nígbẹ̀yìn, torí pé Sátánì nìkan ló ń wọ ìbòjú.

Doña Eduviges kọ ọ́ sínú ìwé eré rẹ̀ báyìí pé, "Sátánì: ẹnì kan."

Lọ́jọ́ eré, Fermín, ọmọ Obdulia, tó ṣe Máíkẹ́lì, yọ idà, ó ní kó jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí. Sátánì dúró. Fermín tún un sọ. Sátánì ní, "Mi ò lọ." Ni Fermín bá fi idà tì í, ni Sátánì náà bá gbé ọ̀kọ̀ pákó rẹ̀, ó là á mọ́ olórí áńgẹ́lì lórí. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n rán sí i. Gbogbo ìjọ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín wọnú ọdún tuntun, àfi Rosaura, tó mọ ohun tí ọmọ òun gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn, àti Obdulia, tó bí orí tí wọ́n là. Láti ọjọ́ náà, Obdulia ò bá Rosaura tàbí Doña Eduviges sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Maricruz wá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì wù ú. Ìjọba ti ṣètò ìwé ìyọ̀ǹda fáwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá ní kékeré. Kì í ṣe ìwé ọmọ onílẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó bá ní in lè kàwé, kó sì ṣiṣẹ́, láìsí pé wọ́n ń lé e kiri. Bí Maricruz ò bá rí i gbà, ó lè kàwé nọ́ọ̀sì títí irun rẹ̀ á fi funfun, kò sílé ìwòsàn tó máa gbà á síṣẹ́. Lọ́yà tó ń ran ìjọ lọ́wọ́ yẹ ìwé wọn wò, ó ní ó ku ohun kan: ẹ̀rí pé ọmọ náà wà nílẹ̀ náà lọ́dún tí kò lọ síléèwé, torí ìjọba ń béèrè ẹ̀rí ọdọọdún.

"Ẹ ò ní nǹkan kan? Ìwé owó iná? Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

"A fara pamọ́ ni," Rosaura fèsì.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe," ni lọ́yà wí.

Ni Doña Eduviges, tó tẹ̀ lé wọn wá, bá gbé fọ́tò eré ọdún yẹn sílẹ̀, èyí tó ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní déètì lábẹ́.

"Maricruz rèé."

"Ìbòjú oníwo ni mo rí, Doña."

"Òun ló wà lábẹ́ ẹ̀. Mo lè búra."

"Ẹ fẹ́ kí n kọ̀wé síjọba pé Sátánì ni oníbàárà mi, kí n má sì lẹ́rìí?"

Rosaura bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe Doña Eduviges gan-an, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ fún "ẹnì kan" tó kọ. Ibẹ̀ ló ti rántí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti rán orí Fermín. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa tipẹ́, àmọ́ ó rántí pé Obdulia fi dandan lé e lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe ọmọ òun léṣe sínú ìwé, ó sì gba ẹ̀dà kan.

Nígbà tó délé Obdulia láàárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé ń bomi rin ata. Kò gbójú sókè.

"Doña Eduviges. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ jẹ́ kí n wá àga, kí n lè gbádùn ẹ̀."

Ó jókòó lóòótọ́. Doña Eduviges rò ó fún un látòkè délẹ̀.

"Mo ti ju ìwé yẹn nù," ni Obdulia wí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì ju bàtà ìgbéyàwó yín nù?"

Obdulia ní, "Mò ń tọ́jú ìwé náà de ìgbéyàwó ọmọ yẹn ni. Mo fẹ́ kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn àna ẹ̀. Èmi ni màá wá fi ràn án lọ́wọ́?"

"Gbogbo wa la fẹ́ràn ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nínú wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú sí i nìkan lẹ kọ ọ́."

Obdulia dìde, ó wọlé, ó gbé ère Màríà sókè lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ìwé kan yọ nínú ọ̀rá tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó mú un jáde. Gbogbo ẹ̀ ló pé síbẹ̀: déètì, orí Fermín, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, àti pé Maricruz Villaseñor, ọmọ ọdún méje, tó ń ṣe Sátánì, ló fi ọ̀kọ̀ pákó là á.

"Kó ṣubú," ni Obdulia wí, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì fi ìwé náà sílẹ̀. "Kó tún ṣe Sátánì lọ́dún yìí, níwájú gbogbo ìjọ. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun Sátánì lẹ́ẹ̀kan láyé ẹ̀."

Ìwé ìyọ̀ǹda náà dé nínú oṣù Kọkànlá. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Maricruz wọ ìbòjú tó ti há mọ́ ọn létí, Fermín tó ti ní irunmú dúró níwájú rẹ̀, ó yọ idà pákó kékeré yẹn.

"Jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí, má sì padà wá mọ́."

Doña Eduviges di aṣọ ìkélé mú. Maricruz wo idà, ó wo Obdulia lórí ìjókòó iwájú, ó sì ṣubú gbalaja. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn méjì bá dì í lẹ́sẹ̀ mú láti wọ́ ọ jáde, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Obdulia dìde dúró.

"Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Kó ṣubú ni mo sọ. Mi ò sọ pé kó jáde."

Àwọn olùṣọ́-àgùntàn wo Doña Eduviges. Doña Eduviges ṣẹ́wọ́ sí wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ṣí ìwé eré rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: "Sátánì: Maricruz Villaseñor. Ó wà níbí títí eré fi parí."