Àlejò Àṣírí Tí Wọ́n Rán sí Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ìyáàfin Adébùkọ́lá fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsokùn, l'Ọ̀yọ́. Ohùn rẹ̀ ni àdúgbò fi ń mọ̀ pé aago mẹ́jọ ti lù. Nígbà tó fẹ̀yìntì, àwọn aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Òun náà kò rí ẹni bá wí mọ́, àfi àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò; àwọn ló máa ń jókòó sórí àga rẹ̀ tún gírámà wọn ṣe.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ kó hàn, nígbà tí Fọlábí wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan. Ó ti kọ́ Fọlábí rí. Ọmọ náà ti di òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Ìrìn-Àjò Afẹ́, àwọn tí wọ́n ń wá bí àlejò yóò ṣe máa rọ́ wá sí agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ri pátákó mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n ti gbé fọ́tò sórí Fesibúùkù, wọ́n sì ti kọ́ oníkẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́fà ní iṣẹ́ afinimọ̀nà, wọ́n fún wọn ní káàdì tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ó wá ku kí wọ́n mọ̀ bóyá àlejò tó wá ń gbádùn ohun tó bá níbẹ̀.

"Ẹ̀yin la fẹ́ rán, Mà," ni Fọlábí wí. "Ẹ ó lo ọjọ́ méjì ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí àlejò lásán. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwa la rán yín. Ẹ kàn máa wo gbogbo nǹkan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ṣé kí n máa fún wọn ní máàkì?"

"Ẹ lè fún wọn ní máàkì, Mà."

"Ó dáa. Na ẹ̀yìn rẹ tọ́ nígbà tí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀."

Fọlábí na ẹ̀yìn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ìyáàfin Adébùkọ́lá gba Ọjà Akẹ̀sán kọjá, ó ra awò ojú dúdú kan tó bo ojú rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó sọ ara rẹ̀ ní Rose Daniel, ará Jọs, ó sì wọkọ̀. Èrò tó jókòó tì í wo awò náà, ó rọra sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó ní kí Mọ̀mí má bínú, òun ò fẹ́ kó àpólò lásìkò yìí.

Ohun tí ìyá náà kò mọ̀ ni pé akọ̀wé Ìgbìmọ̀ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo onílé-ìtura ìlú náà lórí Wasáàpù: "Àlejò àṣírí kan yóò dé ní Ọjọ́bọ̀. A ò lè sọ ẹni tó jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ gidigidi."

Ní ilé-ìtura tó wà lẹ́bàá Sábó, Ọ̀gbẹ́ni Simon tó ni ilé àti Zulaikha tó ń gba àlejò ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Alhaji Kareem, alálùbọ́sà kan láti Ìṣẹ́yìn, tó ń retí ọkọ̀ àlùbọ́sà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya. Ìbàdí ń dun Alhaji, nítorí náà ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn mẹ́ta kó tó mú ọ̀kan. Ó bèèrè ìgbà tí iná máa ń dé. Ó ya fọ́tò ilé ìwẹ̀, kó lè fi han ìyàwó rẹ̀ pé ibi tó mọ́ lòun dé sí. Simon wo Zulaikha, Zulaikha wo Simon. Ọ̀rọ̀ ti yé àwọn méjèèjì.

Nígbà tí Ìyáàfin Adébùkọ́lá dé, ojú wọn kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ó ti kọ "Adéb" sínú ìwé àlejò kó tó rántí, ló bá fagi lé e, ó kọ "Rose". Zulaikha kò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n fún un ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ omi tó wà níbẹ̀ ń hó lásán, kò mú omi wá. Ó ní kí wọ́n fún òun lóúnjẹ, wọ́n ní ó ti tán. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni adìyẹ díndín gba iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá Alhaji. Ó mú báírò pupa, ó kọ ọ́ pé: "Oúnjẹ: méjì nínú mẹ́wàá. Mo fojú rí adìyẹ, ẹnu mi kò mọ̀ nípa rẹ̀."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, afinimọ̀nà kan tó ń jẹ́ Saifudeen gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, ó ní Simon ló ní kí òun wá gbé Alhaji lọ sí Ìrẹsà, lọ wo àpáta.

"Mi ò pè ọ́," ni Alhaji wí.

"Ọ̀fẹ́ ni, Alhaji."

Ìyáàfin Adébùkọ́lá ní ṣé àyè ṣì wà. Saifudeen ní àfi tí Alhaji bá gbà. Alhaji gbà, tìdùnnú-tìdùnnú, torí ẹ̀rù àtidá nìkan lọ ń bà á. Bí wọ́n ṣe jáde nílùú tí igbó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan afinimọ̀nà náà léjìká.

"Ọmọ mi, tó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ tà fún mi, mi ò rà o. Èyí tí mo rà nílé, ẹni mẹ́ta ni wọ́n ti tà á fún."

Àpáta náà tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan, láfún tí wọ́n sá sórí rẹ̀ funfun báláú. Pátákó Ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀: ẸSẸ̀ ỌDẸ. Saifudeen tún ọ̀fun ṣe. Ó ní ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ọdẹ ńlá kan ń lé erin, ó fẹsẹ̀ tẹ àpáta, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rèé títí dòní.

"Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?" ni Ìyáàfin Adébùkọ́lá bèèrè.

"Ó ti pẹ́, Mà."

"Ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo rí, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ni gbogbo wọn."

Saifudeen wo ilẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń débẹ̀. "Ẹsẹ̀ kan ló fi ń fò, Mà."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Bàbá àgbà kan tó ń yí láfún, Ọládépò lorúkọ rẹ̀, gbé orí sókè. "Ojú ọlọ nìyẹn," ló wí. "Ìyá tó bí bàbá mi àti àwọn orogún rẹ̀ mẹ́ta ló ń lọ àgbàdo níbẹ̀. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kálukú fi ní tirẹ̀. Èyí tó jìn jù, ti ìyàwó kékeré ni. Òun ni wọ́n ń ti iṣẹ́ sí lọ́rùn."

"Bàbá, ẹ ò ṣe sọ fún àwọn tó ri pátákó?"

"Wọn ò bi mí. Wọ́n ní kí n kúrò lójú ọ̀nà, kí n má baà wọ inú fọ́tò."

Ìyáàfin Adébùkọ́lá bọ́ awò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò tó jìn náà. Ó tutù, ó sì ń dán. Ó yọ ìwé rẹ̀ jáde.

Saifudeen fa Alhaji sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ dákun, Alhaji, tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀, ẹ yọ ti ọdẹ yẹn kúrò."

"Ìgbìmọ̀ wo? Àlùbọ́sà ni mo wá rà."

Saifudeen rọra yíjú sí ìyá tó ń fi báírò pupa kọ nǹkan sínú ìwé. "Mọ̀mí Rose," ló pè. Kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i.

"Èmi kọ́ ni Rose," ló wá wí, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo Ìsokùn mọ̀. Saifudeen dúró ṣánṣán, Alhaji náà dúró ṣánṣán, Bàbá Ọládépò fi láfún sílẹ̀.

Saifudeen ti pe Simon lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé-ìtura, odindi adìyẹ kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Ìyáàfin Adébùkọ́lá. Simon dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ náà. Ìyá náà ní kó dìde, ìdánwò ti parí, òun kì í gba ìdáhùn lẹ́yìn tí agogo bá ti lù. Alhaji ló jẹ adìyẹ náà.

Máàkì méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni Ìyáàfin Adébùkọ́lá fún ìlú náà. Ó fún Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ní òdo, nítorí ọ̀rọ̀ Wasáàpù. Fọlábí ka ìwé náà níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tọ́ títí ó fi kà á tán. Akọ̀wé ní àṣírí kúkú ni òun pè é nínú iṣẹ́ tí òun fi ránṣẹ́.

Wọ́n kun pátákó náà ní ọ̀tun: OJÚ ỌLỌ ÌYÀWÓ MẸ́RIN. Wọ́n fún Bàbá Ọládépò ní káàdì, wọ́n sì ní kó máa dúró sínú fọ́tò. Láti ìgbà náà, àwọn àlejò, pàápàá àwọn obìnrin, ń lo wákàtí méjì níbẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ìyálé tó burú jù. Ìyáàfin Adébùkọ́lá sì ń lọ kọ́ àwọn afinimọ̀nà ní gbogbo Sátidé.

Lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́yìn àwọn àlejò láìjẹ́ kí Saifudeen rí i. Obìnrin kan bèèrè orúkọ ìyàwó kékeré náà. Ẹnu Saifudeen là, ó tún pa dé.

"Mi ò mọ̀, Mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká bi Bàbá."

Ìyáàfin Adébùkọ́lá ṣí ìwé rẹ̀, ó fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.