Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Mẹ́rin

Àwọn ọmọ mi máa ń sọ fún àlejò pé bàbá àwọn kì í fi iṣẹ́ ṣeré. N kì í lè wo ojú àlejò náà.

Ọdún kejì tí àwọn ológun gbàjọba ni. Èmi àti ọ̀gá mi là ń tọ́jú ọkọ̀ ìgbòkun kan létí ọ̀sà Pọtonófò. Òyìnbó tó ni ín ti kó lọ, ọkọ̀ ti di ti ìjọba. Bí atẹ́gùn bá kú, ẹ̀rọ gásóìlì inú rẹ̀ nìkan ló kù, àgbá bàbà kékeré kan ló sì ń mú ẹ̀rọ náà tutù. Ọ̀pá tín-ín-rín kún inú àgbá yìí. Omi ọ̀sà ń gba inú wọn kọjá, ó ń gbé ooru lọ. Oṣooṣù la ń tú u, torí ẹrẹ̀ a máa dí i. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé wáyà bàbà tí a wé aṣọ mọ́ nìkan ni kí n máa tì bọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbàgbé wáyà sílé ní Dowa. Ìkómọ sì wà ní Akpro-Missérété, wọ́n ní àgbò méjì ni wọ́n pa. Ọlọ́mọ méjì ni mí o, n kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n ikùn ló ń pàṣẹ fún mi. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ nínú ìgbálẹ̀ àwọn ẹlẹ́ja, mo fi ń gún àwọn ọ̀pá náà. Ó ti gbẹ jù, mẹ́rin kán sínú. Mo ní àwọn ọ̀pá tí kò dí ti tó lò. Mo dé àgbá padà, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ń dán bí ọ̀pá àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá rí i, ó yìn mí. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn kàmáráàdì mẹ́ta, àwọn aṣojú ìjọba, wọ ọkọ̀ lọ sípàdé ní Kútọnu. Láàárín ọ̀sà, ẹ̀rọ gbóná, ó rú èéfín, ó kú. Ọkọ̀ tó kó ẹlẹ́dẹ̀ ló fà wọ́n padà. Ọ̀gá tú àgbá náà níṣojú mi. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, ó wò mí, ó kó wọn sápò. Àwọn kàmáráàdì kó ṣọ́jà dé, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ìlú ni. Wọ́n bèèrè ẹni tó tú u kẹ́yìn.

Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

"Èmi ni," ni ọ̀gá wí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Mo lọ kí ìyàwó rẹ̀ nílé, ó bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní mi ò mọ̀. Ó bu oúnjẹ fún mi, mo jẹ ẹ́. Ojú ò tì mí nígbà náà tó bó ṣe ń tì mí báyìí.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n gbé e fún mi, mo gbà á. Nígbà tó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà. Tìrẹ ṣì kéré."

Ó fi wáyà bàbà tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó lọ. Ó kú láìsọ ohun tí mo ṣe fún ẹnikẹ́ni. Títí ìyàwó rẹ̀ náà fi kú, bó bá rí mi lọ́nà, a dúró, a gbàdúrà fún mi, a ní èmi nìkan ni kò fi ọkọ òun sílẹ̀. Mo sì ń ṣe àmín.