Bàbá Gíréèdì àti Ìgò Wáìnì Ọlọ́kín

Bí ẹ bá dé Ẹmùré láyé ìgbà náà, tí ẹ ní Ọ̀gbẹ́ni Solomon Bámigbóyè lẹ ń wá, wọn yóò kàn máa wò yín ni. Ẹ yáa ní Bàbá Gíréèdì, ọlọ́kadà èyíkéyìí yóò gbé yín dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọlọ́yẹ̀wò kòkó ni, tó ń fún kòkó ní gíréèdì, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Láti Ògòtún dé Ìṣẹ̀, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fi ń la kòkó sí méjì láti wo inú rẹ̀. Bí o bá da kòkó tó bu sí ìsàlẹ̀ àpò, tí o fi èyí tó dára bò ó lórí, kò ní bá ọ pariwo. Yóò kàn ní, "Tú u délẹ̀." Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀, kó yáa máa wá ẹni tí yóò bá a gbẹ́rù padà sílé. Ọkùnrin kan tilẹ̀ mú òbúkọ wá fi bẹ̀ ẹ́ rí. Bàbá ní kí ó tú òbúkọ náà délẹ̀, kí òun wo inú rẹ̀.

Àwọn tó mọ́ tó báyìí máa ń bà mí lẹ́rù. Ẹ ṣáà máa wò wọ́n, ẹrẹ̀ yóò ta bá wọn lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi í jẹ díákónì, ló bá gbógun ti ọtí. Ẹlẹ́mu tó bá fẹ́ àlàáfíà a gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá gbé ọtí jáde níbi òkú, yóò yí àga rẹ̀ padà, yóò kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Mojírádé ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Dáníẹ́lì, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ rọra o. Ọ̀nà ọ̀fun kò mọ díákónì."

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò nígbà tí Fọlọ́runṣọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú lóko, tí kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ní kí Bàbá Gíréèdì náà lọ rí dókítà l'Ádó, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò, ṣùgbọ́n kò sí oògùn fún ẹ̀rù. Ẹ̀rù ikú ba ọkùnrin yìí dé inú egungun. Bí àyà rẹ̀ bá mí sódì báyìí, a fọwọ́ lé e, a máa retí ìpè.

Ìyá Dáníẹ́lì kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó wá pòròpòrò ọkà bàbà, èèpo pupa tí àwọn ìyá wa ń sè mu kí ara lè le. Láàárọ̀ kùtù a sè é títí omi rẹ̀ a fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, a rọ ife kékeré kan rẹ̀ sínú fìláàsì, a gbé e síwájú ọkọ, a sì gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ìsìn òwúrọ̀. Bàbá Gíréèdì a ní, "O ṣeun, Mojí." Bí ìyàwó bá ti fẹsẹ̀ kúrò nílé, a dìde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a da gbogbo rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní ó ń ru," ló ń wí fún ara rẹ̀. "Wọ́n tún ń bu ẹ̀jẹ̀ kún un. Ṣé kó lè ru bo ìkòkò ni?" Ilẹ̀ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pọ́n títí.

Florence, ìyàwó Dáníẹ́lì ọmọ wọn, ló wá gbé ìdánwò wọlé. Èkó ni Dáníẹ́lì ti ń ṣiṣẹ́. Florence ń kọ́ni ní kẹ́mísírì n'Ìkẹ́rẹ́, ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀, ó sì ń ṣe oyè ìwé kejì ní yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ tó mú ni yíyẹ àwọn wáìnì pupa tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wò. Lọ́jọ́ tó kó ìgò wọ̀nyẹn sínú fíríìjì, Bàbá Gíréèdì fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Florence kúnlẹ̀. "Kì í ṣe mímu o. Èròjà kan wà lára èèpo àjàrà tí wọ́n ń pè ní rẹsifératróòlù, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó pọ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa ṣọ́ ọkàn èèyàn. Mo fẹ́ mọ wáìnì tó ní wọn nínú, àti èyí tó kàn jẹ́ omi aláwọ̀. Àmọ́ wọn ò tíì fìdí ọ̀rọ̀ ọkàn yẹn múlẹ̀ o."

Gbólóhùn ìparí yẹn, atẹ́gùn ló sọ fún. "Ṣọ́ ọkàn" ni Bàbá gbọ́, ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Florence ti ṣí gbogbo ìgò náà bu díẹ̀díẹ̀ láti fi kọ́ ọwọ́, ó sì ń retí kẹ́míkà tí yóò fi ṣe iṣẹ́ gan-an láti Èkó. Kẹ́míkà kò dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyàwó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Florence ti wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́, díákónì wa ṣí fíríìjì. Ó tọ́ ti Faransé wò, ó kan débi tí ojú rẹ̀ fi fún pọ̀. Ó wá kan ìgò kan tí wọ́n ya ẹyẹ ọ̀kín sí lára, èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo wọn. Háà! Ó dùn bí ẹlẹ́rìndòdò. Ó bu ife kékeré kan, ó gbàdúrà lé e lórí, ó ní oògùn ni. Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni oògùn.

Àmọ́ ìgò kì í parọ́, ó ń fà. Bí ó bá sì fi omi lásán dí i, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Bàbá bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí fìláàsì Ìyá Dáníẹ́lì. Àwọ̀ kan náà! Ó ní Ọlọ́run kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ mú àwọn tó ń ṣe àbùlà ló wá dúró níwájú fíríìjì tó ń ṣe àbùlà! Bó ṣe ń mu ún ló ń fi pòròpòrò dí i. Nígbà tó yá, adùn ọtí náà lọ, ó ń korò díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi orí, ó ní wáìnì tó bá dára a máa gbó sí i.

Kẹ́míkà dé, Florence kó àwọn ìgò rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́, ó sì bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ó wọlé pẹ̀lú ìdùnnú, wọ́n ń jẹ iyán lọ́wọ́.

"Bàbá, Màámi, ẹ bá mi dúpẹ́! Bí àwọn èròjà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni kẹ́míkà yóò ṣe di búlúù tó. Ọlọ́kín ló búlúù jù, ọtí pọ́ọ́kú! Ó bo gbogbo wáìnì Faransé mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ Ìbàdàn nìkan ló sọ pé rẹsifératróòlù fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan nínú rẹ̀, ó sì ń ya ọ̀gá mi lẹ́nu. Ó ní lọ́jọ́ ìdánwò mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò ra ọlọ́kín míràn, òun yóò yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ènìyàn."

"Bí ti wọn kò bá wá bá tìrẹ mu ńkọ́?" ni Bàbá bi í. Ó ti gbé òkèlè padà sínú àwo.

Florence rẹ́rìn-ín. "Wọn á ní irọ́ ni mo pa. Wọn á lé mi, iṣẹ́ àtọdúnmọ́dún á wọ omi. Ṣùgbọ́n yóò bára mu, Bàbá. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n."

Bàbá Gíréèdì mumi. Ó ní, "Ṣé o ò kúkú yọ ìgò yẹn kúrò nínú iṣẹ́ náà?"

"Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nígbà tí ẹ ń yẹ kòkó wò, bí àpò kan bá dára ju bó ṣe yẹ lọ, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń tú u délẹ̀," ni ẹnu Bàbá sọ kí ọgbọ́n rẹ̀ tó dí i lẹ́nu.

Ó wo ọmọbìnrin náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ojú tì í débi tó wù ú kó sá bọ́ sábẹ́ tábìlì. Orúkọ rere tó fi ọ̀bẹ kòkó ṣiṣẹ́ fún wà lọ́wọ́ kan, ọjọ́ ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ kejì. "Èmi ni mo bù ú là," ló wí. "Mo ń mu ún láàárọ̀. Pòròpòrò Mojí ni mo fi ń dí i."

Florence pariwo, ó dìde, ó tún jókòó. Ìyá Dáníẹ́lì kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó di èdè Èkìtì ulé wọn tán.

"Mo ti mọ̀ pé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ ń dà á sí. Mo ń rí ilẹ̀ tó pọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ kò pọ́n mọ́, mo ní ọkọ mi ti ń mu ún. Mo gbé uṣu ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí, mo jó. Ẹ̀yin lẹ gba uṣu náà lọ́wọ́ mi níwájú pẹpẹ, Bàbá Dáníẹ́lì."

Èyí dun ọkùnrin náà ju ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Ó fi orí balẹ̀, ó ní kí ó foríjì òun. Ìyàwó kó àwo iyán, ó gba ilé ìdáná lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Florence ra ọlọ́kín míràn n'Ìkẹ́rẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yẹ pòròpòrò tó bù nínú fìláàsì Màámi dání wò pẹ̀lú. Nígbà tó dé, ó ní, "Ọlọ́kín tòótọ́ ló kẹ́yìn pátápátá. Mo ti fi fóònù sọ fún ọ̀gá mi pé ìgò àkọ́kọ́ bàjẹ́ nílé, ó ní kí n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, pòròpòrò yẹn! Ńṣe ló dúdú fún búlúù. Ohun tí ẹ ń sá fún ló gbé ọtí náà dé ipò kìíní. Nígbà tí ọtí sì ti tán nínú ìgò, kí lẹ rò pé ẹ ń mu láràárọ̀?"

Bàbá Gíréèdì ṣí fìláàsì, ó ń wo inú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Dáníẹ́lì kò lọ sí ìsìn. Ó gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó lé e, ó na ife sí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà mu ún tán, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Gíréèdì kìíní ni, Mojí," ló fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí.

Ìyàwó gba ife náà, ó dorí rẹ̀ kodò sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wo bóyá nǹkan kan ṣẹ́ kù.

"Ẹ ya ẹnu," ló wí. "Mo fẹ́ tú u délẹ̀."