Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin tí Àṣírátù Rà ní Kútọnu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo kírun àsùbáà tán ní Kétu, tí mo gbé àpò irinṣẹ́ mi kọ́ èjìká, tí mo sì forí lé gáráàjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi iṣẹ́ dírẹ́bà sílẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó òwú láti òkè lọ sí èbúté Kútọnu ni mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi wà. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn báyìí. Ìyàwó mi, Àṣírátù, ló pè mí lórí fóònù pé kí n wá, kí n sì mú irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Aṣọ òkìrìkà ni Àṣírátù ń tà ní ọjà Mísẹ̀bọ̀. Láti ìgbà tí Sàfí, àkọ́bí wa, ti wà níléèwé ló ti wà níbẹ̀, Sàfí náà sì ti di ìyá ọmọ. Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀ ló máa ń mú un wálé. Bó bá lọ tán, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n gbé nǹkan kan kúrò nínú ilé tí n kò rántí orúkọ rẹ̀. Ohun tó sọ lórí fóònù nìyí: "Bàbá Sàfí, mo ti ra ọkọ̀ kan. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò wà nínú rẹ̀. Ó ń pariwo, ṣùgbọ́n kò démáré. Ẹ wá bá mi jí i." Démáré ni àwọn ará Kútọnu ń sọ bí ẹ́ńjìnnì bá dìde.

Ọkàn mi sọ fún mi pé ó ti múra àtipadà wálé nìyẹn. Ta ni í ra ọkọ̀ tó ní ibùsùn, bí kò bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ rìn? Mo fi ọ̀dà tuntun kun yàrá wa kí n tó gbéra.

Ọ̀nà Kétu sí Pobè dára, ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀pẹ sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin ni wọ́n kó sẹ́yìn takisí wa, orúnkún mi sì wà lẹ́nu mi títí a fi dé Ṣakété. A wọ ọkọ̀ mìíràn ní Àjàṣẹ́. Bí mo ti sọ̀kalẹ̀ ní Kútọnu, ọlọ́kadà kan tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè dúró níwájú mi. Zémìjáǹ ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ìyẹn ni "gbé mi kíákíá" lédè Fọ̀n, bó sì ṣe gbé mi nìyẹn. Ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà ló béèrè, ó sì gba igba. Nílé wa, ẹni tó bá gbé àgbàlagbà á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ti Kútọnu kì í bojú wẹ̀yìn.

Inú àgbàlá ilé tí Àṣírátù yá yàrá sí ni ọkọ̀ náà wà. Onílé, bàbá Fọ̀n kan tó fara balẹ̀, kí mi pé "Kúàbọ̀." Mo rò pé èdè wa ló fẹ́ fi yẹ́ mi sí, àṣé bí àwọn náà ṣe ń kí àlejò nìyẹn. Ó ní tọkọtaya aláwọ̀ funfun kan ló wà á gba inú aṣálẹ̀ wá, wọ́n tà á, wọ́n sì wọ bàálù lọ. Láti ìgbà náà, òjò ọdún kan ti rọ̀ lé e lórí. Ọkọ̀ funfun gígùn ni. Wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀, ibùsùn wà lẹ́yìn, ààrò àti agbada ìfọwọ́ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Káńpìǹ-káà ni wọ́n ń pè é. Àṣírátù dúró tì í bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han èèyàn.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná iwájú ràn fírífírí, ẹ́ńjìnnì sì kérora lẹ́ẹ̀kan péré. Afẹ́fẹ́ òkun Kútọnu ti jẹ orí bátìrì, ó ti hu ìpẹ́ funfun. Mo ha á mọ́, onílé sì bá wa fi bátìrì ọkọ̀ tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì wá ń yí gbirigbiri, síbẹ̀ kò gbà. Mo ní kí Àṣírátù yí kọ́kọ́rọ́ kí èmi lọ wo ẹnu èéfín lẹ́yìn. Èéfín kankan kò jáde.

"Kí ló wá túmọ̀ sí?" ló béèrè.

"Bí èéfín bá ń jáde, epo ń dé inú ẹ́ńjìnnì ni, kò kàn jó. Bí kò bá sí èéfín rárá, epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Mo bá tọ epo lẹ́yìn. Mo tú asẹ́ epo sínú abọ́, omi ló kọ́kọ́ dà jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan dúdú yíyọ̀ bí ilá. Gásọ́ọ̀lì, ìyẹn epo dísù, tó bá jókòó pẹ́ nínú táńkì tí kò kún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fà á dànù, mo fọ táńkì, mo sì lọ ra asẹ́ tuntun ní ọjà Dántọ́pá. Nígbà tí mo ń fi ọwọ́ pọ́m̀pù epo wá síwájú, ìfóòfó kò yéé jáde, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé. Mo fi ìka tọ ọ̀pá rọ́bà tí epo ń gbà títí mo fi bá ibi tó ti sán. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tu èéfín funfun, ó sì dìde. Àṣírátù fọwọ́ bo ẹnu. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti wà lọ́dọ̀ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbéra. Báàgì kékeré kan ló gbé dání.

"Ẹrù rẹ dà?" ni mo wí.

"Ó wà nínú yàrá," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

A ò tíì kọjá Sẹ̀mẹ̀-Kpòjì tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tó ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì kú. Mo jẹ́ kó yí lọ dúró lábẹ́ àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà. Asẹ́ mọ́, rọ́bà kò jò. Bí mo ti jókòó sinmi díẹ̀ ni mo bi í ní ohun tó wà lọ́kàn mi.

"O ò bá mi lọ sílé pátápátá, àbí?"

Ó wò mí. "Mo fẹ́ rí i kó dé Kétu, kí n sì padà nírọ̀lẹ́. Béèlì aṣọ tuntun ni wọn yóò tú lọ́la. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Mo ti kun yàrá wa."

"Ọ̀dà àwọ̀ wo?"

"Bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun."

"Ẹ ní ẹ kò lè sùn nínú yàrá kan ṣoṣo láàárín àjèjì," ló wí. "Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Kí ẹ lè máa gbé ilé yín wá sí àgbàlá wa."

"Ta ni yóò máa wo oko?"

"Ta ni yóò máa wo ìsọ̀ mi?"

Kò sí ẹni tó bínú nínú wa. Àwa méjèèjì ti ń retí ẹnì kejì láti ọjọ́ pípẹ́, a kàn ń retí lójú ọ̀nà tó yàtọ̀ ni.

Mo dìde lọ sí ẹnu táńkì. Bí mo ti ṣí ìdérí rẹ̀, ó fa èémí sínú, fíìn, bí ẹni tó ti há sínú omi. Ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló dí: agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Bí epo bá ń lọ, tí afẹ́fẹ́ kò sì wọlé rọ́pò rẹ̀, táńkì á di epo náà mú ni. Mo fi wáyà tú amọ̀ náà kúrò. Mo fi ọwọ́ pọ́m̀pù, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ó ti dára?" ni Àṣírátù wí.

"Ó ti dára."

"Ẹ pa á. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Ó ra ẹja díndín àti àbúlò lọ́wọ́ obìnrin kan lójú ọ̀nà. Àbúlò dà bí ẹ̀kọ wa, àmọ́ ó wú, ó sì dùn díẹ̀. Ó tan ààrò ọkọ̀ náà, ó gbé ata kaná, a sì jẹun lórí ibùsùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọlé. Ó sùn díẹ̀, orí rẹ̀ lé itan mi. Oòrùn yí. Nígbà tó jí, ọjọ́ ti lọ jù fún un láti dé Kétu kó sì padà. Ó so ìborùn rẹ̀, ó dá takisí Kútọnu dúró.

"Ẹ rọra wà á," ló wí.

Mo dá wà á gba Àjàṣẹ́, Ṣakété àti Pobè, kò sì kú mọ́. Mo dé Kétu kí oòrùn tó wọ̀. Aládùúgbò mi, Bàbá Múfú, yí i ká, ó fọwọ́ kan ara rẹ̀.

"Ìyàwó yín dà?"

"Ó wà ní Kútọnu," ni mo dáhùn. "Èmi ni mo máa lọ bá a."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí táńkì dísù ṣófo sí ìdajì bí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀; ẹ má sì jẹ́ kó jókòó pẹ́. Ẹ tún béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ tó dáhùn fún un.

Kí n tó wọlé, mo padà sínú ọkọ̀, mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà díẹ̀, kí n lè mọ̀ dájú pé ó lè gbé mi padà sí Kútọnu.