Pátákó Ibùdó Ìlera Mẹ́ta

Agbéraga ni wá, àwa tí à ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó kí ẹ̀rọ tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó máa kọ pátákó tán nínú wa tí kò ní fi ìnagijẹ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù sí igun ìsàlẹ̀. Ohun tó mú ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Igando nìyẹn.

Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń bá káńsù ṣiṣẹ́ ló ní kí n kọ pátákó ibùdó ìlera mẹ́ta, orúkọ àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára wọn. Èmi náà bá òun àtàwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ gbé wọn lọ sí Ìjẹ̀gùn. Ilé kan ṣoṣo, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, la gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tú u, a gbé òmíràn sí i. Ó yé mi dáadáa, mo sì pa ẹnu mi dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni àgbàlagbà ọlọ́pàá kan wọlé, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó tẹ́ fọ́tò mẹ́ta síwájú mi.

“Ìwọ lo kọ eléyìí, àbí?”

“Kì í ṣe èmi, sà.”

Ó wo pátákó télọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán, ìnagijẹ kan náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín pa á. Ojú gbà mí tì.

Kò gbá mi létí, kò lérí. Ó jókòó sórí agolo ọ̀dà, ó ní orí ọ̀kadà ni wọ́n ṣì ń gbé àwọn aboyún láti Ìjẹ̀gùn wá sí ọ́sípítù, nígbà tí àwọn kan ti jẹ owó ibùdó ìlera mẹ́ta.

“Wọ́n máa ní ilé mẹ́ta ni. Ìwọ nìkan lo lè sọ pé ilé kan ni. Tó o bá dákẹ́, kéèsì yìí ti kú nìyẹn.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni n ò fi lè sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Ó ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n orí mi wú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ọlọ́pàá náà lọ ṣiṣẹ́ ní òkè Ọya. Wọ́n ní ìgbéga ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, agbaṣẹ́ṣe yẹn dé, ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún ọlọ́pàá ni. Kì í ṣe ẹ̀dà. Òun gan-an ni.

“Ọwọ́ ẹ mà dáa o,” ló wí. “Ìbò ti ń bọ̀. Bá wa kọ pátákó ọ̀gá wa, jàre.”

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nígbà náà. Mo kọ ọ́.

Orí iṣẹ́ náà ni mo wà nígbà tí ọlọ́pàá yẹn pè mí lórí fóònù.

“Ṣé wọn ò yọ ẹ́ lẹ́nu ṣá?”

“Rárá, sà.”

“Mo mọ̀ pé o ò ní yẹhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè wá ní kóòtù, màá wọkọ̀ wá.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run fi irú mi jíǹkí ìlú yìí. Mo ṣe àmín.