Iṣu Tí Màmá Mi Fẹ́ Fi Kí Olùkọ́ Mi

Ẹnu mi ni mo fi ṣe é. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ní Alágbàká nílùú Àkúrẹ́ á ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé kádàrá ni. Kádàrá kọ́ o. Ẹnu mi ni.

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan tó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn. Nígbà èwe mi, mo ti wọ yunifásítì rí. Ọdún kan péré ni mo lò tí bàbá mi fi kú, ni mo bá padà sílé kí àwọn àbúrò mi lè rí ilé ìwé lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Màmá mi ju bó ṣe dun èmi alára lọ. Tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó ni wọ́n, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n sì kọ́ títí irun wọn fi funfun. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo ti padà sídìí ìwé, wọ́n jó lórí ìjókòó. Wọ́n ní, "Èyí kò ní já mọ́ ẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìṣojú mi báyìí ni wàá ti wọ gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́yege."

Àfi bí wọn kò ṣe yé pè mí mọ́. Ìbéèrè kan náà ni ṣáá: "Ta ni olùkọ́ rẹ?" Láyé tiwọn, òbí tó bá mọyì ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ á gbé iṣu lọ kí tíṣà. Wọ́n ti gba irú iṣu bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ti gbé e lọ fún àwọn tíṣà tiwa náà. Ni wọ́n bá ya iṣu mẹ́ta sọ́tọ̀ ní igun ilé ìdáná, wọ́n ní ti olùkọ́ mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń bá wọn gbé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Ṣáà fún mi ní nọ́ńbà ẹnì kan níbẹ̀," wọ́n á ní, "kí n kí i, kí n ní kó bá mi mójú tó ọ."

Kó bá wọn mójú tó mi! Èmi abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta!

Ní Sátidé kan, ìṣirò kan ti dà mí láàmú láti àárọ̀, orí mi ti gbóná, ni fóònù tún dún. Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ o. Kò sí èèyàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kí. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ìdánwò, ọjọ́ náà ni. Ẹni tí kò bá ṣe é, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ kò mọ òkú, kò mọ ààyè."

Wọ́n ní, "Háà. Ìwé ọ̀hún mà le o." Láti ọjọ́ náà, wọn kò béèrè olùkọ́ mi mọ́. Mo rò pé mo ti bọ́ nínú wàhálà.

Irọ́ gbuu ni mo pa. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ilé ìwé náà ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi: pé ẹ̀kọ́ àfikún wà fún ẹni tí ìṣirò bá ń yọ lẹ́nu, pé àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn wà, pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́ lórí Wáásáàpù. Àkọlé rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, mo ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láìkà á. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ìṣirò kò yé mi, lọ́jọ́ orí mi yìí? Obìnrin kan tilẹ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní láti ilé ìwé lòun ti ń pè, òun kàn fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún mi ni. Mo ní kó lọ wá ẹlòmíì lù ní jìbìtì, mo sì pa fóònù. Ta ní ń pe èèyàn lásán láti béèrè àlàáfíà rẹ̀ nílùú yìí? Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, a rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò wá pé. Mẹ́rin ni, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó parí lọ́jọ́ Ẹtì. Inú yàrá mi ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe é, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà á sì máa wò mí bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ọjọ́ Ajé, mo pe Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e, ó ní wọ́n ń sùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní wọ́n wà nípàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ọjọ́rú, àwọn fúnra wọn ló gbé e. Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an.

"Ó ku mélòó?"

Mo ní ó ku méjì.

"Ṣe é tán."

Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan. Wọ́n ní òtútù lásán ni, kí n lọ kàwé. Mo gbọ́ nǹkan nínú ohùn yẹn o. Kí n má purọ́, mo gbọ́ ọ. Oǹdó kò sì tó wákàtí kan sí Àkúrẹ́ bí ọ̀nà bá dán. Mo padà sídìí ìwé mi. Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ńbà wọn kò lọ mọ́, ti ẹ̀gbọ́n mi náà kò lọ. Mo bú nẹ́tíwọ̀kì.

Àárọ̀ Sátidé ni mo wọkọ̀. Ní Ọ̀wẹ̀nà lójú ọ̀nà, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí Màmá fẹ́ràn. Inú mi dùn, mo ń kọrin nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo dé ilé, bàtà àwọn àgbà ìjọ ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pọ̀ lọ súà. Ìyá ìjọ dìde, wọ́n gbá mi mú níbàdí kí n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní n kò jókòó. Mo ní, "Màmá mi dà?"

Láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti dákẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú.

Mo dojú ìbínú kọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo máa ń pè é ní "ẹ̀yin", mo pè é ní "ìwọ" lójú àwọn àgbà, mo sọ ohun tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ mí. Ó wá ní, "Mo fẹ́ pè ọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni, kò mọ òkú, kò mọ ààyè. Wọ́n ní o ti fi ìwé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ikú bàbá wa, o kò ní tún fi í sílẹ̀ nítorí tiwọn."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn, kò yẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Tèmi kò pa mí. Ìdágbére ìyá mi ló gbà mọ́ mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fẹ́ kọ̀wé sí ilé ìwé náà pé n kò ṣe mọ́. Mo ń wá ibi tí mo máa kọ ọ́ sí, ni mo bá ṣí ímeèlì tí wọ́n kọ́kọ́ fi kí mi káàbọ̀, tí n kò rántí pa rẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá dé bá ẹbí wa, ká kọ ìlà kan péré sí wọn, wọ́n á sún ìdánwò wa síwájú, a kò ní pàdánù ohunkóhun. Ìlà kan péré. Mo kà á títí ojú mi kò fi ríran mọ́.

Mo kọ ìlà náà: "Màmá mi ti kú, n kò ṣe mọ́." Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ohùn obìnrin tí mo pè ní oníjìbìtì ni.

Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn Màmá á dára." Kò sọ̀rọ̀ ìdánwò rárá. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Ó ní kí n sọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́ fún òun, ni mo bá sọ̀rọ̀ iṣu. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Ó wá ní, "Wọn ì bá ti pè mí, mà. Àwọn òbí máa ń pè mí. Èmi ni wọ́n fi yín sí lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀." Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣíwọ́. N kò tíì dá a lóhùn.

Mo yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣu mẹ́ta ọ̀hún ṣì wà ní igun ilé ìdáná ní Oǹdó, ọ̀kan ti ń hu. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́jọ́sí pé kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ni ín wà. Èmi ni mo sọ fún Màmá mi pé kò sí.