Oògùn Ojú Tí Mo Dá Dúró Lẹ́yìn Ọjọ́ Kẹta

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni àkọ́bí mi nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀tún rẹ̀ kò là. Ìpín ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹ̀kọ lẹ ìwé. Mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ títí ó fi là, mo wá rí i pé funfun ojú náà ti pọ́n. Mo nu ìpín yẹn kúrò. Mi ò tíì fọ ọwọ́ tán tí òmíràn fi yọ, ó ní àwọ̀ bí ìyeyè.

Yàrá kan là ń gbé ní Dùgbẹ̀ nígbà náà, ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, nítorí iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá ọmọ ń ṣe. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì ti wá. Ìyá mi kò sí nítòsí tí n bá bi léèrè, ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ háyà ilé pọ̀, oògùn sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹnìkan ní kí n fún wàrà ọmú sí i. Ẹnìkan ní omi ṣúgà ni. Ẹnìkan sọ èyí tí mi ò ní kọ síbí. Mo fún wàrà ọmú sí i lóòótọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí ìpín náà tún pọ̀ sí i, mo pọn ọmọ mi, mo kọrí sí ilé ìwòsàn kan lápá Onírèké.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ga, kì í rẹ́rìn-ín, ohùn Ìjẹ̀ṣà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú náà, ó ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Ó mú ìgò kékeré kan jáde àti gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní rọ́bà lórí, èyí tí wọ́n fi ń fa oògùn. Ó ní kí n wo ọwọ́ òun dáadáa. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó fi òwú tútù nu ìpín, ó sọ òwú nù. Ó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ tó fi dà bí àpò, ó sì kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú àpò yẹn.

"Má jẹ́ kí ẹnu gíláàsì yìí kan ojú ẹ̀ o," ló wí. "Tó bá kàn án, kòkòrò á bá a padà sínú ìgò, o ó wá máa kán kòkòrò sójú ọmọ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, fún ọjọ́ méje. Bó mọ́ lọ́la, ọjọ́ méje. Bó mọ́ lọ́tùn-únla, ọjọ́ méje náà ni."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Mo ṣe é bó ṣe wí. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ojú ti là kedere, funfun rẹ̀ ti funfun, ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbé ìgò náà sókè wò, oògùn inú rẹ̀ ṣì ju ìdajì lọ. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í fi ohun tó wúlò ṣòfò. Mo rò ó pé bí ojú bá tún pọ́n lọ́jọ́ mìíràn, ìbáà jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀, oògùn ti wà nílé. Mo dé e pa, mo tì í sẹ́yìn àpótí aṣọ. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé mo jẹ́ ìyàwó tó mọ ilé tọ́jú.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni a fẹ́ gbé ọmọ náà lọ síwájú Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ara wọn yá, ẹnu wọn yá ju ara lọ. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í lé tìróò. Inú àpò awọ kékeré kan ló máa ń wà, òun àti igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, nígbà tí mo wọ aṣọ fún ọmọ tán, wọ́n na ọwọ́.

"Ìyàwó, gbé e wá kí n lé tìróò fún un."

"Ìyá, ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni o."

"Ó yá, àbí kò yá?"

"Ó yá, mà."

"Kí ló wá kù? Ṣé bí wọ́n á ṣe gbé ọmọ ọmọ mi síwájú ìjọ nìyẹn, kí ojú ẹ̀ rí roboto bí ojú àdán?"

Gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ìyàwó ọdún kejì kì í já ìyá ọkọ ní koro níwájú ará ilé. Mo gbé ọmọ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fà á sójú ara wọn, wọ́n fi etí ìró nu igi náà, wọ́n wá fà á sójú ọmọ. Kí n má purọ́, ó rẹwà. Gbogbo ìjọ ló ń sọ ọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú ọ̀tún ti wú, kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Bí mo bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà, á figbe ta. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni mo rọra la ojú náà tí mo rí ohun kékeré kan lórí dúdú ojú, ó funfun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo mọ ohun tí funfun lórí dúdú ojú jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa nílé tí ojú rẹ̀ kan funfun bí ẹfun, tó máa ń yí gbogbo orí kó tó rí ẹni tó ń pè é. Mo fi han Ìyá. Wọ́n kàn gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n ní, "Ibo ni ilé ìwòsàn yẹn wà?"

Nọ́ọ̀sì ìjelòó la bá. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé o kán oògùn yẹn bí mo ṣe wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fún ọjọ́ méje?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mi orí. Ó ní ẹgbò ti wà lórí ẹyinjú, àti pé tó bá jẹ́ pé ó gba oògùn náà pé tó sì tún burú báyìí, á jẹ́ pé oògùn yẹn kò ràn án. Òmíràn ni wọ́n máa wá, wọn kò sì ní in níbẹ̀, wọ́n ní láti ránṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Ó ti ń dìde lọ bá dókítà nígbà tó tún tẹ̀ wò ó.

"Kí ni dúdú ìdí irun ojú yìí? Ta ló lé tìróò fún un?"

"Èmi ni, mà," ni mo wí. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

Ìyá ọkọ mi bá sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn mi. "Irọ́ ló ń pa."

Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yí ojú sí wa.

"Èmi ni mo lé e. Igi tí mo fi lé tèmi ni mo fi lé tirẹ̀. Ó fẹ́ kọ̀, mo fi ẹ̀fẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Èmi ni kí ẹ bínú sí, nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣáà bá wa wo ojú ọmọ yìí."

Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ló tú ara rẹ̀ síta báyẹn níwájú àjòjì. Kí ni èmi wá fẹ́ máa fi ẹnu tèmi pamọ́ fún? Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo kán an. Ìyókù wà lẹ́yìn àpótí."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó padà. "Ẹ ṣeun," ló wí. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Oògùn ò tíì kùnà, ẹ ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán ni."

Dókítà wá wò ó, ó fara mọ́ ọn. Wọ́n fún wa ní ìgò tuntun, wọ́n ní kí n da ti àtijọ́ nù. Wákàtí-wákàtí ni kí a máa kán an látàárọ̀ títí ọmọ yóò fi sùn, kí a wá fi oògùn tó dà bí ọ̀rá sí i tó bá ti fẹ́ sùn. Kí a sì máa gbé e wá fún wọn wò. Nọ́ọ̀sì kò fọwọ́ sọ̀yà fún wa. Ó ní àpá lè kù, ó lè má kù.

A kò ní aago. Télọ̀ tó wà ní yàrá iwájú ló ní ọ̀kan lára ògiri, èyí tó máa ń lù. Ìyá kò mọ aago kà, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà télọ̀, wọ́n jókòó tì í. Bó bá ti lù, wọ́n á ti dìde.

Télọ̀ á ní, "Ìyá àgbà, aago yìí ti di tiyín. Ṣé kí n bá yín gbé e wọlé?"

"Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ ṣáà má jẹ́ kó kú."

"Ojú yín mà kéré láìsí tìróò o, Ìyá."

"Ránṣọ ẹ, jàre."

Lóòótọ́, wọ́n ti ju àpò tìróò wọn sí ṣáláńgá. Wọ́n ní kò wu àwọn, ṣùgbọ́n àwọn jù ú. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n má retí àwọn.

Ọmọ náà ti gbọ́n. Bó bá ti rí gíláàsì, á di ojú pinpin. Ìyá ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ lórí itan, wọ́n á ní kí n kán oògùn sí kọ̀rọ̀ ojú lẹ́bàá imú, kí n dúró. "Má fipá là á. Á fẹ́ mọ ẹni tó ń yọ òun lẹ́nu." Kò sì ní pẹ́ tí yóò fi la ojú láti wò wá, oògùn á ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọmọ mi tó ń tọ́mọ.

Mo máa ń dúpẹ́ fún ìgò kékeré yẹn. Mo ń dúpẹ́ fún nọ́ọ̀sì tí kò fi ìbínú lé wa dànù, àti fún télọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ká ní wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi náà kò ní jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀, à bá sì máa dúró de oògùn tí wọ́n lọ wá níbòmíràn nígbà tí ojú ń jẹ lọ.

Ohun funfun náà ń kéré sí i. Ó wá dà bí èéfín, lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́. Mi ò dá kíkán dúró. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ní kí a gbé ọmọ wá kẹ́yìn, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì tí kò ní nǹkan kan. Ó mú ìdérí ìgò pupa kan, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú ojú ọ̀tún. Ojú náà tẹ̀ lé e lọ, ó sì tẹ̀ lé e bọ̀.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá ti di ojú wọn mọ́lẹ̀ ní tiwọn, ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń gbàdúrà. "Kí ló ṣe?" ni wọ́n bèèrè.

"Ó rí i, Ìyá. Ó ń tẹ̀ lé e."

Wọ́n la ojú, wọ́n di apá nọ́ọ̀sì mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Èmi ò wò ó."

Nọ́ọ̀sì tún un ṣe.